Fáólìn Tí Bàbá Mi Ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá

Títí di òní olónìí, tí ẹnikẹ́ni bá sọ níwájú mi pé, "Bàbá yín yẹn, wọ́n mọ fáólìn tún ṣe o," inú á bí mi débi pé mo ní láti gbé ife tí ó bá wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀. Ẹni náà á rò pé òun ń yin bàbá mi ni. Bàbá mi mọ̀ ọ́n tún ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n títún nǹkan ṣe kọ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ọdún tí mò ń wí yìí. Wọ́n mú pákó, pákó lásán tí ẹlòmíràn ìbá fi kan ilẹ̀kùn ilé adìyẹ, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n fá a, wọ́n fi omi gbígbóná àti irin tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè rọ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun orin olókùn mẹ́rin tí àwọn èèyàn ń fi sábẹ́ àgbọ̀n, tí wọ́n ń fa ọ̀pá onírun kọjá lórí rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì ń wọni lára. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo ń gbá èérún igi rẹ̀. Èmi kan náà ni mo kọ orúkọ wọn sínú rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó lè bá mi jiyàn pé bó ṣe rí kọ́ nìyẹn.

Yàrá méjì la háyà ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Èkó, nígbà náà, nínú àgbàlá kan tí ayálégbé mẹ́fà jọ ń lo kànga kan àti ilé ìdáná kan. Èmi, bàbá mi, màmá mi, àti ìyá bàbá mi la jọ ń gbé. Màmá Adó là ń pe ìyá bàbá mi, nítorí pé láti Adó-Èkìtì ni wọ́n ti wá bá wa. Kí ojú tó là dáadáa, ẹ ó ti máa gbọ́ garawa tó ń gbá ara kànga, ẹ ó gbọ́ rédíò onílé tó ń ka ìròyìn, ẹ ó gbọ́ Ìyá Sikirá, ará ilé wa, tó ń da omi sórí sìmẹ́ńtì láti ṣe àlùwàlá. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ẹ ó wá gbọ́ tiwa, ṣìì, ṣìì, ṣìì, láti abẹ́ àtíbàbà onípáànù tó wà lẹ́yìn ilé. Bàbá mi ló ń fá igi. Káfíńtà ni wọ́n. Lójú mọmọ wọ́n máa ń kan kọ́bọ́ọ̀dù àti bẹ́ẹ̀dì fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kó wá sí àdúgbò wa nígbà yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, wọ́n ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan ní Ìbàdàn tó ń tọ́jú àwọn ohun orin olókùn, ọkàn wọn kò sì kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ náà. Kọ́bọ́ọ̀dù ló ń bọ́ wa. Òun náà ló ń ba bàbá mi nínú jẹ́.

Iṣẹ́ tèmi ni láti gbá èérún igi kí n tó lọ sí ilé ìwé, kí n dì í sínú àpò fún màmá mi láti fi dáná ẹ̀kọ, kí n sì máa ro àtè tí wọ́n fi ń lẹ igi pọ̀. Àtè yẹn, awọ màlúù ni. Bàbá mi máa ń gba ègé awọ lọ́dọ̀ àwọn alápatà ní Ìkòtún, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, a ó wá máa fi iná jẹ́jẹ́ sè é títí tí á fi yọ́, tí á ki bí ògì. Ó ń rùn, àbí kí ni mo fẹ́ sọ? Gbogbo àgbàlá ló ń rùn. Ìyá Sikirá á fi ìborùn bo imú, wọ́n á ní, "Bàbá Dúpẹ́, ṣé pọ̀nmọ́ yìí ò tíì jinná látàná ni?" Ẹ̀rín á pa gbogbo ilé. Ní ọjọ́ kan, àlejò kan ṣí ìkòkò náà, ó fẹ́ mú ẹyọ kan jẹ. Màmá mi ló lé e pẹ̀lú orógùn. Màmá Adó nìkan ni kì í bú àtè. Obìnrin tí wọ́n bí sí ilé amọ̀kòkò ni Màmá Adó, àṣà kan sì wà lára wọn tí kò kúrò: ohunkóhun tí a bá rà wọlé, ìbáà ṣe ṣíbí, ìbáà ṣe ẹní, wọ́n á gbé e yípo, wọ́n á ní, "Ta ló ṣe é?" Tí a bá ní a ò mọ̀, wọ́n á fà sẹ́yìn bí ẹni pé nǹkan náà lè bù wọ́n jẹ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ìgbà tí bàbá mi bá ń tẹ́tí sí igi. Tí wọ́n bá ti fá ojú fáólìn kan tí wọ́n ń tún ṣe dé ìwọ̀n kan, wọ́n á fi ìka méjì gbé e létí, wọ́n á gbé e sún mọ́ etí, wọ́n á wá fi oríkèé ìka kàn án. Kó, kó. Wọ́n á fá díẹ̀ sí i, wọ́n á tún kàn án. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. "Dúpẹ́, wá gbọ́ ọ. Ṣé ó dáhùn?" Ní ìbẹ̀rẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan ju igi lọ. Mo purọ́ pé ó dáhùn, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Má purọ́ fún igi. Tí kò bá dáhùn, sọ pé kò dáhùn." Ó tó ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí n tó gbọ́ ọ fúnra mi, ohùn kan tó jáde láti àárín pákó náà, tó dúró díẹ̀ kó tó lọ. Mo pariwo. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní etí mi ti là. Tí mo bá rántí pé ẹni tó sọ fún mi pé kí n má purọ́ fún igi lẹni tí ayé wá sọ dà bí ayé ṣe sọ wọ́n dà, ara mi máa ń gbóná.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ nípa Ọ̀gá Akọrin. Mo mọ̀ pé àgbà ni, mo sì mọ̀ pé ó yẹ kí n bọ̀wọ̀ fún un tí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mi ò ní ṣe é, ẹ má bínú. Ọkùnrin sísanra kan ni, tí ìdí rẹ̀ tóbi, tó máa ń rìn bí ẹni pé gbogbo ayé ń dúró dè é. Òun ló ń darí akọrin àti àwọn olóhun-orin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí à ń lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní fáólìn mọ́kànlá àti sẹ́lò kan, irú fáólìn ńlá tí wọ́n ń gbé sáàárín orúnkún, ohun tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní agbègbè wa kò ní, èyí tó sì níyì jù nínú wọn ni fáólìn kan tó wá láti Jámánì, tí bàbá tó bí Bàbá Ìjọ wa fi ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ kó tó kú. Sísì Fọlákẹ́, tíṣà kan tó ń gbé ní Baruwa, ló ń ta okùn rẹ̀ nígbà ìsìn. Wọ́n máa ń fi aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun. Ní gbogbo ọdún ìrántí olóògbé náà, wọ́n á gbé e jáde, ìdílé Bàbá Ìjọ á jókòó níwájú, wọ́n á máa nu ojú.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ajé kan, Ọ̀gá Akọrin wọ àgbàlá wa pẹ̀lú àpò ìrọ̀rí lábẹ́ apá. Ó tú u sórí tábìlì bàbá mi. Fáólìn Jámánì náà ni, ó ti fọ́ wéwé. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ẹ̀yìn rẹ̀ ti là sí mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ́. "Ó bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan," bẹ́ẹ̀ ló wí. Bàbá mi fi ọwọ́ kan àwọn àfọ́kù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Ọ̀gá, èyí ò bọ́. Nǹkan ló jókòó lé e." Ọ̀gá Akọrin wo ilẹ̀. Ó wo èmi tí mo wà nídìí àtè. Ó wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun gbé e sórí àga níbi ìdánrawò, òun ń bínú sí àwọn akọrin tẹ́nọ̀, òun jókòó láìwo ẹ̀yìn. Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi. Bàbá mi wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, mo gbé e mì.

"Gébúrẹ́lì," Ọ̀gá Akọrin ní, "Bàbá Ìjọ ò gbọdọ̀ gbọ́. Tí wọ́n bá gbọ́, mo gbé. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má jẹ̀ẹ́ kó jáde lẹ́nu ẹ."

"Kò ní ti ẹnu mi jáde," bàbá mi dáhùn. "Ṣùgbọ́n mi ò lè tún èyí ṣe, sà. Ara rẹ̀ ti lọ. Mo lè ṣe òmíràn."

"Ṣe òmíràn kẹ̀? Fáólìn? Ìwọ?"

"Èmi ni, sà."

Ọ̀gá Akọrin wò wọ́n tìyanutìyanu, ó wo àtíbàbà náà láti òkè dé ilẹ̀. "Ó dáa," ó ní. "Ṣe é."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Kò sọ pé "tún un ṣe." Ó ní "ṣe é." Etí mi méjèèjì ló gbọ́.

Láti ìgbà tí òjò ń dáwọ́ dúró títí ọyẹ́ fi mú wa dáadáa ni bàbá mi fi ṣe fáólìn náà. Wọ́n fi igi arère ṣe ojú rẹ̀, nítorí pé ó fúyẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀, igi ọgànwó ni, láti ara ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ń wó ní Igando. Wọ́n ní igi tó ti gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún lókè ilẹ̀ ló ń kọrin, wọ́n sì gbé ilẹ̀kùn náà lórí láti Igando dé ilé, nítorí kò sí ọkọ̀ tó gbà láti gbé e. Láti ara fáólìn Jámánì tó fọ́, wọ́n yọ àwọn nǹkan tí kò bàjẹ́: èèkàn mẹ́rin tí wọ́n fi ń lọ́ okùn, igi dúdú tí ìka ń tẹ̀, àti okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyẹn nìkan. Gbogbo ìyókù, láti orí dé ìdí, bàbá mi ni. Kọ́bọ́ọ̀dù àwọn èèyàn ń dúró. Màmá mi ń sọ̀rọ̀ sábẹ́ ẹnu. Gaàrí la ń mu lọ́pọ̀ ọ̀sán, pẹ̀lú ẹ̀pà, bàbá mi a sì máa mu tiwọn ní ìdúró pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́, tí eruku igi ń bọ́ sínú ife wọn.

Ní ọjọ́ tí wọ́n máa dé ojú rẹ̀ pa, wọ́n pè mí. Wọ́n ní ní ilé iṣẹ́ ọ̀gá àwọn ní Ìbàdàn, ẹni tó bá ṣe fáólìn kì í fi orúkọ sí ìta, inú ló ń fi sí, lórí pépà kékeré, níbi tí ẹni tó bá fi ojú wọ inú ihò rẹ̀ á ti rí i. Ọwọ́ ìkọ̀wé wọn kò dára, tèmi dára. Mo fọ ọwọ́ mi tán, mo jókòó, mo sì kọ ohun tí wọ́n pè fún mi: Gébúrẹ́lì Ọ̀jọ́ ló ṣe mí, ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kọ ọ́ kí ó tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Màmá Adó ní kí n kà á fún àwọn. Mo kà á. Wọ́n gba pépà náà, wọ́n gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò ó pẹ́ títí bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ̀wé kà, wọ́n wá dá a padà fún ọmọ wọn. Bàbá mi lẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀yìn fáólìn náà, wọ́n sì dé e.

Sísì Fọlákẹ́ ló kọ́kọ́ ta á. Ó wá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó dúró sáàárín àgbàlá, ó ta orin mímọ́ kan tí gbogbo wa mọ̀. Ìyá Sikirá tó ń sẹ́ ògì dáwọ́ dúró. Onílé pa rédíò. Èmi rò pé mo ti mọ ohùn fáólìn, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n. Ohùn èyí ki, ó gbóná, ó dún bí àgbàlagbà obìnrin tó ń kọrin fún ara rẹ̀ ní ìdáná. Nígbà tí Sísì Fọlákẹ́ parí, omi wà lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ má sọ pé mo wí o, ṣùgbọ́n eléyìí sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Bàbá mi wọnú àtíbàbà lọ, mo sì rí i tí wọ́n gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Akọrin wá gbé fáólìn náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kó àwọn àfọ́kù ti Jámánì dání.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Dókítà Akíndé ń bọ̀. Obìnrin tó ń kọ́ni ní orin ní yunifásítì ni. Ó ń lọ káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ohun orin olókùn, ó ń wá ẹni tó lè fi igi ilẹ̀ wa ṣe é, kí yunifásítì lè gbà á síṣẹ́, kí wọ́n fún un ní ilé iṣẹ́ àti àwọn ọmọ tí á máa kọ́. Mo wo bàbá mi nígbà tí wọ́n kà á jáde. Wọ́n pa ìwé orin dé, wọ́n na ọrùn. Ní ilé, màmá mi tó ti ń kùn láti ọjọ́ yìí wá se ẹ̀wà, wọ́n dín dòdò, wọ́n ní, "Bàbá Dúpẹ́, ó parí nìyẹn. Ẹni tí obìnrin yẹn ń wá, ó ti rí i. Ẹ ò ní kan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ láyé yín." Bàbá mi ní kí wọ́n má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí Dókítà ń bọ̀, wọ́n fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ àtè kúrò lábẹ́ èékánná, wọ́n wọ bùbá funfun tí màmá mi lọ̀ fún wọn, wọ́n sì mú mi dání.

A tètè dé. Wọ́n ti gbé fáólìn náà sórí tábìlì níwájú pẹpẹ, lórí aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì. Mo sún mọ́ ọn kí n lè rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, mo fi ojú kan wọ inú ihò rẹ̀. Mi ò rí i. Pépà mìíràn ló wà níbẹ̀, pépà tí wọ́n tẹ lẹ́tà sí, tó ti pọ́n, pépà fáólìn Jámánì tó fọ́. Wọ́n fi wáyà tì í wọ ihò, wọ́n lẹ̀ ẹ́ sórí tèmi. Mo fa bàbá mi ní apá. "Bàbá, ẹ wá wò ó." Wọ́n wò ó. Wọ́n rìn lọ sí yàrá tí àwọn akọrin ti ń wọ aṣọ, mo sì tẹ̀ lé wọn.

Ọ̀gá Akọrin ń so ọrùn aṣọ rẹ̀. Kò tilẹ̀ sẹ́. "Gébúrẹ́lì, gbọ́ mi. Ìdílé Bàbá Ìjọ wà lórí ìjókòó níwájú níta yẹn. Wọ́n fẹ́ fi fáólìn bàbá wọn han obìnrin yìí. Kí ni kí n sọ fún wọn? Pé mo jókòó lé e?"

"Ọ̀gá, orúkọ mi ló wà nínú rẹ̀."

"Èèkàn rẹ̀ ń kọ́? Okùn rẹ̀ ń kọ́? Ibi dúdú yẹn ń kọ́? Ṣé kì í ṣe ti fáólìn wa ni? Fáólìn kan náà ni, jàre. O kàn pààrọ̀ ara ẹ̀ ni. O tún un ṣe, o sì tún un ṣe dáadáa, màá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn." Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àbí o ti gbàgbé ohun tó o sọ fún mi? O ní kò ní ti ẹnu ẹ jáde."

O kàn pààrọ̀ ara ẹ̀! Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, mi ò sì tíì gbọ́ ìsọkúsọ tó tó ìyẹn. Ẹni tó bá já bọ́tìnnì kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì tó ti ya, tó rán an mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, ṣé á wá sọ pé ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni? Mo dúró kí bàbá mi sọ ọ́ fún un. Mo dúró, mo dúró. Bàbá mi fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, wọ́n ní, "Mo rántí, sà." A sì jáde.

Sísì Fọlákẹ́ ta fáólìn náà. Bí ó ti parí, Dókítà Akíndé dìde láti ìjókòó rẹ̀, ó ní òun fẹ́ gbé e wò. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ó wọ jígí ojú tí okùn so mọ́. Ó fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ iná, ó dúró pẹ́ níbẹ̀. "Igi wo nìyí?" ó bèèrè. "Èyí ò jọ igi Òyìnbó." Mo rọra sún mọ́ wọn. Ó fi ojú wọ inú ihò, ó ka pépà tó wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ọ̀gá Akọrin ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Wọ́n tún un ṣe díẹ̀ ni, mà. Ọkùnrin tó tún un ṣe rèé, káfíńtà wa." Ó na ìka sí bàbá mi bí ẹni ń na ìka sí àga.

Dókítà Akíndé yíjú sí bàbá mi, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀, nítorí ó mọ ẹ̀kọ́ ilé ju Ọ̀gá Akọrin lọ. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọwọ́ yín dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mò ń wá. Ṣé ẹ mọ ẹnì kankan ní agbègbè yín níbí tó ń ṣe é?"

Mo la ẹnu. Mo ti sọ pé "Bàbá mi ni—" nígbà tí ọwọ́ bàbá mi bà lé èjìká mi, tí wọ́n dì í mú, tí ó dùn mí. "Rárá o, mà," wọ́n ní. "Mi ò mọ ẹnì kankan." Ọ̀gá Akọrin rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọdé ò mọ ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ àgbà. Ìdílé Bàbá Ìjọ ń nu ojú. Dókítà Akíndé dúpẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ, bàbá mi sì dúró síbẹ̀ nínú bùbá funfun wọn, wọ́n ṣì di èjìká mi mú.

Inú bí màmá mi lọ́jọ́ náà ju bí mo ti rí i rí lọ. "Ìlérí wo?" wọ́n pariwo, gbogbo àgbàlá gbọ́. "Ìlérí pé ẹ ò ní sọ pé ó jókòó lé nǹkan lẹ ṣe, àbí ìlérí pé ẹ ò ní sọ pé ẹ̀yin lẹ ṣe nǹkan yín?" Bàbá mi ní ọ̀kan náà ni, pé tí àwọn bá sọ èkejì, àkọ́kọ́ ti jáde. Màmá Adó jókòó lórí àpótí, wọn kò jẹun, wọn kò sì bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi náà bínú sí wọn. Ìgbà yẹn mo rò pé ojo ni wọ́n. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé wọn kì í ṣe ojo, olóòótọ́ èèyàn ni wọ́n, ẹni tí kò lóòótọ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi òótọ́ wọn dè wọ́n mọ́lẹ̀ bí ẹni so ewúrẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù. Tí bàbá mi bá jẹ́ òpùrọ́, wọn ì bá ti gbaṣẹ́ ní yunifásítì.

Nígbà tí òjò padà dé, a gbọ́ ohùn Dókítà Akíndé nínú rédíò onílé. Ó ní òun ti yí gbogbo Èkó ká, kò sí ẹnì kan tó ń ṣe fáólìn, àwọn tó ń tún un ṣe nìkan ló wà, nítorí náà yunifásítì á mú ẹnì kan wá láti òkè òkun. Bàbá mi ń gé pákó kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́. Wọ́n gé e tán. Ṣùgbọ́n ìròyìn fáólìn Jámánì tó ń dún bí ohun tí ẹnì kankan kò gbọ́ rí ti kálẹ̀, àwọn ọ̀gá akọrin láti ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Kò sí ẹni tó ní kí bàbá mi ṣe fáólìn fún òun. "Ẹ bá wa wá irú ti Jámánì yẹn," ni wọ́n ń wí. "A ò fẹ́ àtọwọ́dá o." Ìgbà àkọ́kọ́, bàbá mi ní, "Mo lè ṣe é fúnra mi." Àwọn ọ̀gá akọrin náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ. Ìgbà kejì, ẹ̀rín náà ni. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ṣìì, ṣìì láti abẹ́ àtíbàbà. Inú mi dùn. Mo rò pé ara wọn ti yá.

Fáólìn márùn-ún ni wọ́n ṣe lọ́dún náà. Nígbà tí ìkíní tó láti dé, wọ́n pè mí, wọ́n gbé pépà àti yíǹkì síwájú mi. Tíì ni wọ́n fi pa pépà náà kó lè pọ́n bí ti àtijọ́. Mo ti fọ ọwọ́ mi, mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ wọn, nígbà tí wọ́n fi ọwọ́ bo tèmi. Wọ́n fa pépà kékeré kan jáde láti àpò, wọ́n ti da àwọn ọ̀rọ̀ Jámánì náà kọ láti ara ti ṣọ́ọ̀ṣì. "Èyí ni kó o kọ," wọ́n ní. "Kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́."

"Bàbá, irọ́ ni."

Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Wọn kò gbá mi. "Mo mọ̀," wọ́n ní. "Fi orúkọ mi sí i, Dúpẹ́, kí o wò ó bóyá ẹnì kan á gbé e kúrò nílẹ̀." Mo wo ẹnu ọ̀nà, mo wo màmá mi tó dúró níbẹ̀, pé kí wọ́n gbà mí. Màmá mi yíjú padà, wọ́n lọ sídìí ìdáná.

Mo kọ ọ́. Mo kọ márààrún, mo sì kọ wọ́n dáadáa. Bàbá mi ti lọ sọ́run báyìí, Ọ̀gá Akọrin náà ti lọ, mi ò sì ṣèlérí fún ẹnì kankan. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi fáólìn Jámánì yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Èkó, tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́, tí ohùn rẹ̀ ń pa yín lẹ́kún, ẹ gbé e sábẹ́ iná, kí ẹ fi ojú wọ inú ihò rẹ̀, kí ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ má gbà á gbọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló kọ ọ́, ó sì ń sunkún.